Yíyan Olóòtú fún Ìwé Ìròyìn Sáyẹ́ǹsì Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn ti jáde, olóòtú àgbà ti wọ ọdún àṣekágbá, iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè ti gba gbogbo àkókò rẹ̀, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn sípò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì nínú ọgbà yunifásítì ti ń dákú. Wọ́n á ṣe ìdìbò náà bí ìgbà tí wọ́n ń yan ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: pósítà lára ògiri, orin lẹ́nu, ìpolongo láti yàrá dé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ bá kàn jù ló máa wọlé. Nígbà tí sáà bá fi máa parí, ẹ̀dà tuntun kò jáde, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ wọlé sí.

Ipò olóòtú, ipò iṣẹ́ ni. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni kó dìbò, iṣẹ́ tí wọ́n fojú ara wọn rí ni kí wọ́n sì wò kí wọ́n tó dì í. Gbogbo ìlànà tó wà nínú orí yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kan tàn ká orí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí àrùn náà má baà mú wọn. Àwọn ènìyàn ṣe é. Àwọn ilé ìròyìn gbé e pé ó pa àwọn kan, ó sì sọ àwọn mìíràn dèrò ilé ìwòsàn. Láàárín ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà àti ẹni tó kà á, kò sí ẹnì kankan tó dúró béèrè pé: ta ló sọ ọ́, ìwádìí wo ló sì tì í lẹ́yìn? Ẹni tí à ń pè ní olóòtú nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó bá ka ìwé ìròyìn yín á ya àwòrán ojú ìwé kan, á fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, ìyá á sì gbà á gbọ́ torí pé yunifásítì ló ti wá.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1886, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Normal School of Science ní Lọ́ńdọ́nù, ilé ẹ̀kọ́ tó ti di ara Imperial College lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tiwọn, Science Schools Journal. Ọmọ ogún ọdún ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́, H. G. Wells. Inú ìwé ìròyìn yẹn ni ó ti tẹ ìtàn kan jáde ní 1888, The Chronic Argonauts, èyí tó padà tún kọ títí tó fi di The Time Machine ní 1895. Gbogbo ayé mọ apá yẹn. Apá tó kan olùdíje ni pé ní 1887 Wells fìdí rẹmi nínú ìdánwò jẹọ́lọ́jì, ó sì kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà láìgboyè. Ó di 1890 kó tó gba oyè sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù. Mi ò ní di gbogbo rẹ̀ ru ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ olóòtú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wákàtí tí ìwé ìròyìn ń wá náà ni ìdánwò ń wá.

Nílé wa níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn dá ìwé ìròyìn Dokita sílẹ̀ ní 1960. Ìran dókítà kan gboyè lọ, òmíràn gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìwé ìròyìn ńlá lè fi olóòtú kan ṣoṣo rìn jìnnà: Norman Lockyer darí Nature fún 50 ọdún, láti 1869 di 1919. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò lò nínú ọgbà, méjì àkọ́kọ́ yóò sì lọ sí kíkọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, ìfàléni-lọ́wọ́ ni ẹ̀mí ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́, ìdìbò sì ni ọ̀nà tí à ń gbà fà á.

Ipò mélòó ni kí ẹ dìbò fún?

Mẹ́ta péré: olóòtú àgbà, igbákejì rẹ̀, àti akápò. Àwọn yòókù, bí olóòtú ìròyìn, olóòtú àpilẹ̀kọ gígùn, ayàwòrán, ẹni tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń bójú tó ojú òpó orí íntánẹ́ẹ̀tì, olóòtú àgbà àti igbákejì rẹ̀ ni kó yàn wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé. Ìbò kò lè sọ ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń to ojú ìwé di ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì dìbò fún ipò méjìlá, ẹ ó rí i pé àwọn ẹ̀ka yóò máa pín in láàárín ara wọn: ẹ gba èyí, ká gba tọ̀hún. Ẹni tó yẹ kó ya àwòrán á di olóòtú ìròyìn, torí pé ipò tó kù fún ẹ̀ka rẹ̀ nìyẹn.

Igbákejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fi ọdún kan, ó kéré tán, wà lẹ́yìn olóòtú àgbà nínú ẹ̀kọ́. Bí àwọn méjèèjì bá jọ wà ní ọdún àṣekágbá, wọ́n á jọ lọ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀gbọ́n ló mọ olùkọ́ tó lè bá yín yẹ àpilẹ̀kọ nípa jẹ́nẹ́tíìkì wò, àbúrò ló mọ ohun tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń kà lórí fóònù wọn.

Ní ti akápò, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ olóòtú. Ẹni tó ń pinnu ohun tí a óò tẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun nìkan ni yóò tún máa gbé owó fún ilé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ti gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ sí Ṣómólú ní Èkó rí mọ̀ pé wọ́n á gba àsansílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣí, àti pé iye owó lè yí padà láàárín òní sí ọ̀la bí bébà bá gbówó lórí. Kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí owó yẹn, kí risíìtì sì wà.

Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń béèrè máàkì tó ga kí ènìyàn tó lè díje. Mi ò fara mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba máàkì tó ga jù lè má lè kọ gbólóhùn kan tí ìyá ọlọ́jà yóò lóye. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé kó má ní kóòsì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tí kò tíì tún ṣe, kí ọ̀rọ̀ Wells má baà bá a. Ẹ tún bi í léèrè ìgbà tí yóò lọ sí iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ SIWES. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó máa fi oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà wà ní ilé iṣẹ́ kan ní Àgbárá kò lè jókòó to ẹ̀dà kankan nínú ọgbà ní àkókò yẹn. Èyí kò ní kó má díje o. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùdìbò mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí igbákejì sì jẹ́ ẹni tí yóò wà nílé.

Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ kan tó hàn fún ẹ̀dà méjì tó gbẹ̀yìn. Ó kọ nǹkan, ó tún nǹkan kọ, ó ya àwòrán, ó to ojú ìwé, ó gbé ìwé náà kiri tà, ó wá ìpolówó ọjà. Ìbò kan fún ẹnì kan, bí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré. Ẹ lẹ orúkọ wọn mọ́ ara pátákó ìkéde ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìdìbò, kí ẹni tí wọ́n bá gbàgbé lè wá sọ.

Àwọn kan yóò ní ìjọba àwọn díẹ̀ lèyí, pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ló ni ìwé ìròyìn náà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí gbogbo fákọ́tì bá dìbò. Bí ẹ̀ka kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́ irínwó, tí òmíràn ní ọgọ́ta, ẹ̀ka irínwó ni yóò máa fi olóòtú jẹ títí ayé. Ẹ̀dà méjì sí i, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì á ti di ìwé ìròyìn ẹ̀ka kan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dìbò, kó wá ṣe iṣẹ́ kan kí ọjọ́ tí a ó lẹ orúkọ àwọn olùdìbò tó pé. Mo ti rí i tí èyí mú àwọn ènìyàn tuntun wọ iṣẹ́ ju ìkéde èyíkéyìí lọ.

Ibì kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dìbò, mi ò sì bá wọn jà. Felix, ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ Imperial College tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo yan olóòtú rẹ̀ nínú ìdìbò ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ olóòtú náà ń fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan, ẹgbẹ́ sì ń sanwó fún un. Ibi tí owó gbogbo ènìyàn bá ti ń bọ́ ẹnì kan, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ sí bí ó ṣe débẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí olóòtú ń fi owó kóńkó ara rẹ̀ ra dátà, àwọn tó ń bá a ru ẹrù ni kó yàn án. Bí fákọ́tì bá ń ṣèrànwọ́ owó ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán ẹnì kan wá jókòó wo ìdìbò. Kó wò ó, kó má dì í. Bákan náà ni fún olùkọ́ tó jẹ́ olùdámọ̀ràn yín: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbani nímọ̀ràn, kò gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹni tó wù ú.

Ìdánwò ojú ìwé kan

Ẹnu dùn ún rofọ́, agada ọwọ́ ṣeé ṣánko. Ẹ fi òfin de pósítà àti ìpolongo. Kí olùdíje kọ̀ọ̀kan kọ mànífẹ́sítò ojú ìwé kan péré: àpilẹ̀kọ márùn-ún tó fẹ́ kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní, ẹni tó rò pé ó lè kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí owó yóò ti wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdìbò, ẹ pe gbogbo wọn sínú kíláàsì kan. Ẹ fún wọn ní ojú ìwé kan náà, bírò pupa, àti wákàtí kan. Kí wọ́n pa fóònù fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ní ìdajì kejì, wọ́n lè tàn án kí wọ́n wá ohun tó bá rú wọn lójú, torí pé olóòtú gidi náà máa ń wádìí. Olóòtú tó ń lọ ni kó kọ ojú ìwé náà, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí. A kọ ọ́ fún ìdánwò ni, kò sí ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbì kankan:

“EWÚRO TI WO ÀTỌ̀GBẸ! Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì kan ti fi hàn pé omi ewúro ń wo àtọ̀gbẹ pátápátá. Nínú ìwádìí ọjọ́ 14, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku 6 tí wọ́n fún ní omi ewúro wálẹ̀ láti 300 sí 150, ìyẹn àdínkù 200%. Àwọn aláìsàn tó ń lo oògùn òyìnbó lè dá a dúró báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó darí ìwádìí náà ní inú òun dùn púpọ̀.”

Ẹ wo ibi tí bírò pupa kọ́kọ́ bà lé. Ọ̀pọ̀ olùdíje yóò kọ́kọ́ mú ìṣirò, ó sì dára: láti 300 sí 150, ìdajì ló dín, 50% ni. Kò sí nǹkan tó lè dín ju 100% lọ. Àwọn tó tún fara balẹ̀ yóò béèrè pé 150 kí ni? Ní Amẹ́ríkà, mg/dL ni wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ní Bìrìtìkó, mmol/L ni. 300 ti àkọ́kọ́ kò ju bíi 16.7 ti èkejì lọ, nítorí náà nọ́ńbà tí kò ní òṣùwọ̀n lẹ́yìn kò sọ nǹkan kan fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn sọ́tọ̀. Eku ni wọ́n fún ní ewúro, àkọlé sì ń pariwo bí ẹni pé ènìyàn ni. Eku 6 péré ni, ọjọ́ 14 péré. Níbo ni àwọn eku tí wọn kò fún ní ewúro wà, tí a óò fi wọ́n wé? Bí ṣúgà tiwọn náà bá wálẹ̀ ńkọ́? Yunifásítì wo? Jọ́nà wo ló tẹ ìwádìí náà, ọdún wo? “Wò pátápátá” yẹn, ta ló sọ ọ́, ṣé ẹni tó ṣe ìwádìí ni àbí akọ̀ròyìn? Gbólóhùn tí wọ́n fi sí Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu sì wà níbẹ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan. Inú ta ni kì í dùn sí iṣẹ́ ara rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí akọ̀ròyìn bi í ni ohun tí ìwádìí rẹ̀ kò tíì lè sọ.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo ìyókù lọ: “Àwọn aláìsàn tó ń lo oògùn òyìnbó lè dá a dúró báyìí.” Ẹni tó ń lo ínsúlínì tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Olùdíje tó bá rí gbogbo àṣìṣe yòókù tó fi gbólóhùn yìí sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé orí ìwé ìdìbò. Èyí tó rí gbólóhùn yìí tó gbàgbé ìṣirò, ó ṣì ṣeé kọ́.

Kí wákàtí náà tó pé, kí olùdíje kọ lẹ́tà ìlà márùn-ún sí ẹni tó kọ ìròyìn náà, kó sọ ìdí tí a kò fi lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ibí yìí ni ìwà ti máa ń yọjú. Àwọn kan yóò kọ ọ́ bí ẹni ń lu ọmọ ọlọ́mọ: “Ìranù lèyí, lọ kà sí i.” Ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà lè jẹ́ ọmọ ọdún kìíní tó kọ nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, lẹ́yìn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kò ní kọ mọ́. Àwọn mìíràn yóò bẹ̀rù débi pé wọn ò ní sọ ohun tó burú rárá. Olóòtú tí ẹ ń wá ni ẹni tó lè kọ̀wé pé: “A dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ewúro yìí á wu àwọn òǹkàwé wa. Jọ̀wọ́, fi ìwé ìwádìí náà ránṣẹ́ sí wa, kí o sì sọ fún wa bóyá wọ́n ti dán an wò lára ènìyàn. A ti yọ gbólóhùn nípa dídá oògùn dúró, torí pé ó lè pa ènìyàn. A ń retí rẹ lọ́jọ́ Ẹtì.” Ó kọ̀, ó sọ ìdí, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ wo àtúnkọ ọwọ́ wọn náà. Ẹni tó bá pa gbogbo ọ̀rọ̀ akọ̀wé rẹ́, tó fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí wọ́n bá parí, ẹ fi bébà lẹ orúkọ wọn pa, ẹ kọ A, B, D sára iṣẹ́ wọn, kí ẹ gbé àwòrán iṣẹ́ náà sínú ẹgbẹ́ WhatsApp yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí àwọn olùdìbò mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ojú. Ọjọ́ ìpàdé ìdìbò ni kí ẹ tó ṣí orúkọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi olùdíje kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbéèrè kan wà tí mi ò ní gbà kó má wáyé: “Bí olùkọ́ tó ń máàkì ìwé rẹ bá mú àpilẹ̀kọ tí kò dára wá, kí lo máa ṣe?”

Ọjọ́ ìdìbò

Ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni kó jẹ́. Àwọn àgbà tó dìbò ní 1991 rántí ìdìbò orí ìlà, tí olúkúlùkù ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́. Ó ní ire tirẹ̀, torí pé gbogbo ojú ló rí iye ènìyàn tó wà lórí ìlà. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ kékeré tí àbúrò ti ń yá ìwé àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún kìíní wo ni yóò dìde lọ tò sẹ́yìn ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ du ipò? Bébà, bírò, àpótí, igun yàrá kan tí ẹnì kan kò lè yọjú wò.

Ẹni tó máa darí ìdìbò gbọ́dọ̀ ti ẹgbẹ́ mìíràn wá, bóyá ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ọgbà yín tàbí ẹgbẹ́ eléré ìtàgé. Bí ó bá pọn dandan pé kí ẹ lo Google Forms nítorí pé àwọn kan wà lẹ́nu SIWES, òun ni kó ṣí fọ́ọ̀mù náà, kó má ṣe jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tó bá ni fọ́ọ̀mù lè rí ẹni tó dìbò fún ta ni bó bá ní kí ó gba ímeèlì.

Bí olùdíje bá ju méjì lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn olùdìbò to wọn ní ipò: 1 fún ẹni tí wọ́n fẹ́ jù, 2 fún èyí tó tẹ̀ lé e, 3 fún èyí tó kù. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní olùdìbò jẹ́ 31, olùdíje mẹ́ta: ọmọ Báyọ́lọ́jì, ọmọ Kẹ́mísírì, ọmọ Físíìsì. Ìbò àkọ́kọ́ lọ báyìí: Báyọ́lọ́jì 13, Kẹ́mísírì 10, Físíìsì 8. Bó bá jẹ́ ìdìbò tí gbogbo wa mọ̀ ni, Báyọ́lọ́jì ti wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ènìyàn 18 nínú 31 kò fi í ṣe àkọ́kọ́. Nínú ètò yìí, ó di dandan kí ẹni tó máa wọlé ní 16, ó ju ìdajì lọ. Kò sí ẹni tó ní in, nítorí náà Físíìsì tó kéré jù yóò bọ́ sílẹ̀. Ẹ mú ìwé 8 tirẹ̀, ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ 2 sí. Ká ní 7 kọ Kẹ́mísírì, 1 kọ Báyọ́lọ́jì. Kẹ́mísírì di 17, Báyọ́lọ́jì di 14. Kẹ́mísírì ló wọlé. Kì í ṣe ẹni tí ẹ̀ka kan fẹ́ràn gidigidi ló jẹ ẹ́, ẹni tí ọ̀pọ̀ jù lọ lè bá ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ kà á lójú gbogbo ènìyàn. Kí ẹnì kan máa ṣí ìwé, kó gbé e sókè kí wọ́n rí i, kó kà á síta. Kí ẹnì kejì máa fa ìlà sójú pátákó ìkọ̀wé, kó fa ìlà karùn-ún kọjá lórí mẹ́rin. Ẹ má ṣe jó àwọn ìwé ìdìbò náà lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ dì wọ́n sínú àpò ìwé, kí ẹni tó darí ìdìbò tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹnì kan bá fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló jáde, ẹ ṣì dìbò. Ní àwọn yunifásítì Bìrìtìkó, ó wọ́pọ̀ kí ìwé ìdìbò ní àyè kan sí i tó túmọ̀ sí “ẹ tún ìforúkọsílẹ̀ ṣí.” Ẹ mú un lò. Bí àyè yẹn bá gba ìbò ju olùdíje lọ, ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí igbákejì tó wà nípò máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò fẹ́ kò gbọ́dọ̀ wọlé kìkì nítorí pé kò sí ẹni tó bá a du ú.

Bí yóò ti pẹ́ tó lórí oyè

Ẹ má ṣe fi oṣù wọn ọjọ́ ipò olóòtú. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejì, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá. Olóòtú tí wọ́n yàn ní Oṣù Kìíní ọdún yẹn fún ọdún kan, kí ló rí ṣe? Ẹ̀dà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: ẹ̀dà méjì, tàbí mẹ́ta bí ẹ bá ń jáde léraléra. Bí ẹ̀dà méjì bá ti jáde, ipò ti ṣófo. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì ti ṣí fún oṣù mẹ́jọ gbáko láìsí ẹ̀dà kankan, kí àwọn olùdìbò lè pe ìpàdé, kí wọ́n sì yan ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin yín kí ẹnikẹ́ni tó gorí ipò náà, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan lẹ ń lépa.

Ìfàléni-lọ́wọ́

Ọjọ́ keje lẹ́yìn ìdìbò ni kó jẹ́, kí ó má kọjá bẹ́ẹ̀. Olóòtú tó ń lọ yóò gbé ìwé kan kalẹ̀ tí àwọn méjèèjì yóò fọwọ́ sí: páásíwọ̀dù ímeèlì àti ti ojú òpó, àwọn àpilẹ̀kọ tó wà nílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti sọ fún ẹni tó kọ wọ́n, gbèsè, nọ́ńbà ilé ìtẹ̀wé, orúkọ àwọn olùkọ́ tó máa ń bá yín yẹ iṣẹ́ wò, àti àṣìṣe tí ẹ̀dà tó kọjá ní tí ẹ kò tíì ṣàtúnṣe rẹ̀ fún òǹkàwé. Ẹ yí páásíwọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí olóòtú àtijọ́ wà nítòsí fún ẹ̀dà kan, kó dáhùn bí wọ́n bá bi í, kó má sì dá sí i bí wọn kò bá bi í.

Kí ẹni tó bá gbapò kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó pàdánù kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Wọ́n ti ṣe ìdánwò, wọ́n ti fi hàn pé àwọn lè ṣiṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ìròyìn, ẹ fún wọn ní àpilẹ̀kọ gígùn, kí wọ́n yàn. Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kúrò. Ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó tún lẹ́tọ̀ọ́ láti díje, àwọn tó máa dìbò á sì ti rí ọdún kan sí i nínú iṣẹ́ yín.

Ẹ tẹ èsì ìbò náà sójú ìwé kejì ẹ̀dà tuntun, pẹ̀lú iye tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní, kí ẹ sì kọ ẹ̀dà tí ìdìbò mìíràn yóò tẹ̀ lé sí abẹ́ rẹ̀.